Bátìrì Arọ́pò Kọ́ ni Ọ̀tá Ayàwòrán

Ìyàwó ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti gbé ọwọ́ lé e lórí, àdúrà ti bẹ̀rẹ̀, omijé ti ń bọ́ lójú ìyá, alága ìdúró àti alága ìjókòó pàápàá ti pa ẹnu mọ́. Àkókò yìí gan-an ni ojú kámẹ́rà ṣókùnkùn. Ayàwòrán tẹ̀ ẹ́, kò dáhùn. Kò tíì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí kámẹ́rà yìí kan náà fi hàn pé ìdá 60 nínú 100 ni iná tó kù nínú bátìrì. Kí ó tó wá òmíràn nínú àpò, kí ó tó tì í bọ inú kámẹ́rà, àmín ìkẹyìn ti dún, ìyàwó ti dìde, onílù ti gba ojú agbo. Ta ni yóò wá sọ fún bàbá ìyàwó pé kí ó jọ̀wọ́ tún súre fún ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nítorí fọ́tò?

Irú nǹkan báyìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ fọ́tò ní Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹjọ́ kan náà ni àwọn ènìyàn máa ń dá: bátìrì Ṣáínà ni ó lò. Ẹjọ́ yìí yá lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà. Kì í ṣe ohun ìyanu kí ènìyàn yí bátìrì tí ilé-iṣẹ́ ńlá fi orúkọ ara rẹ̀ tà sí ẹ̀yìn, kí ó sì bá a níbẹ̀ pé ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe òun náà. Ibi tí wọ́n ti ṣe bátìrì kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ṣe é, bóyá ó jẹ́wọ́ pé òun ni òun ṣe é, àti ohun tí ẹni tó rà á ṣe kí ó tó gbé e lọ sóde, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Oríṣi bátìrì mẹ́ta ni ó wà lórí àtẹ, kíkó wọn pọ̀ sójú kan sì ni ìbẹ̀rẹ̀ àṣìṣe. Èkíní ni èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe kámẹ́rà fi orúkọ ara rẹ̀ tà, tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní orijínà. Èkejì ni ti ilé-iṣẹ́ mìíràn tí kò ṣe kámẹ́rà rárá, ṣùgbọ́n tí ó ṣe bátìrì tí yóò bá kámẹ́rà náà mu, tí ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sí i lára. Arọ́pò ni èyí, kò sì fi ara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kẹta ni ayédèrú. Ẹni tó ṣe é kò jẹ́ kí wọ́n mọ òun. Orúkọ olórúkọ ni ó lẹ̀ mọ́ ọn, pẹ̀lú páálí tó jọ páálí ojúlówó àti òǹtẹ̀ tó ń dán bíi ti ojúlówó.

Ọ̀gbun ńlá ni ó wà láàárín arọ́pò àti ayédèrú. Ẹni tó ra arọ́pò mọ ohun tí òun rà, owó arọ́pò ni ó san, ó sì máa ń mú méjì tàbí mẹ́ta dání nítorí pé kò fi gbogbo ara gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹni tó ra ayédèrú san owó ojúlówó, ó fọkàn balẹ̀ bí ẹni tó ra ojúlówó, kò sì mú òmíràn dání. Ìfọkànbalẹ̀ yẹn gan-an ni ó ń pa á lára. Bí wọ́n bá ní kí ènìyàn tọ́ka sí bátìrì tó ń ba ayàwòrán lórúkọ jẹ́ jù lójú agbo, ayédèrú ni kí ó tọ́ka sí, kí ó sì fi arọ́pò sílẹ̀.

Àwọn kan wà tí ìmọ̀ràn wọn kò ju gbólóhùn kan lọ: ra orijínà, kí o sì sinmi. Ìmọ̀ràn ọlọ́rọ̀ ni. Kí ìjọba tó tú okùn náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi náírà 460 ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan ní ọjà ìjọba. Kí ọdún 2024 tó parí, dọ́là kan náà ti kọjá náírà 1500. Ilẹ̀ òkèèrè ni kámẹ́rà, lẹ́ńsì àti bátìrì ti ń wá, dọ́là sì ni wọ́n fi ń rà wọ́n wọlé. Ayàwòrán wo ni yóò sọ fún oníyàwó pé kí owó fọ́tò di ìlọ́po mẹ́ta nítorí pé dọ́là gbówó lórí? Bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ tí wọ́n ti ń kun ìyàwó lójú títí di alẹ́ tí wọ́n ń náwó lójú agbo, bátìrì kan kò tó, méjì kò fọkàn ẹni balẹ̀, ẹni tó bá sì ń ya fídíò yóò jẹ tó mẹ́rin tán. Àwọn ilé-iṣẹ́ kámẹ́rà náà kò sì mọ́ pátápátá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iye tí wọ́n ń dá lé bátìrì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ni ó la ọ̀nà fún àwọn alárọ́pò, òun kan náà ni ó sì mú kí ayédèrú di òwò tó ń mówó wọlé.

Ìran àwọn ayàwòrán àtijọ́ kò mọ wàhálà yìí. J.D. 'Okhai Ojeikere, ẹni tí fọ́tò irun dídì àti gèlè tí ó yà gbajúmọ̀ káàkiri àgbáyé, kámẹ́rà Brownie D ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1950. Àpótí lásán ni, pẹ̀lú lẹ́ńsì àti fíìmù. Kò sí bátìrì nínú rẹ̀ tí yóò kú. Kọ̀ǹpútà ni kámẹ́rà òde òní. Bí iná bá tán nínú rẹ̀, òkúta tó gbówó lórí ni.

Ẹni tí yóò ra arọ́pò, nọ́ńbà ara rẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ kà. mAh ni wọ́n fi ń wọn iye iná tí bátìrì lè gbà, bí ẹni ń fi kóńgò wọn àgbàdo, ibẹ̀ sì ni irọ́ ti pọ̀ jù. Nígbà tí Canon gbé kámẹ́rà EOS 5D Mark II jáde ní ọdún 2008, bátìrì LP-E6 ni ó bá a wá, 1800 mAh ni ó sì ń gbà. LP-E6N tó tẹ̀ lé e ń gba 1865. LP-E6NH, tó bá EOS R5 àti R6 jáde ní ọdún 2020, ń gba 2130. Ìrísí kan náà, ọdún méjìlá gbáko. Pẹ̀lú gbogbo ọgbọ́n àti owó tí ilé-iṣẹ́ náà ní, 330 péré ni ó rí fi kún un. Nikon náà rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀: EN-EL15 bẹ̀rẹ̀ láti 1900, EN-EL15c sì dé 2280. Níbo wá ni ilé-iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ti rí ọgbọ́n tí yóò fi kó 3000 mAh sínú ike tí kò tóbi ju ti ìṣáájú lọ, tí yóò sì tún tà á ní ìdá kan nínú mẹ́rin owó ojúlówó? Arọ́pò tó kọ 1800 tàbí 2000 sára lè jẹ́ olóòótọ́. Èyí tó kọ 3000 ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀.

Ìṣirò kékeré kan tún wà tí àwọn òpùrọ́ máa ń gbàgbé. Yàtọ̀ sí mAh, fóòtì wà lára bátìrì, Wh sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá fi fóòtì sọ mAh di púpọ̀, tí wọ́n sì pín in sí ọ̀nà 1000, Wh ni ó gbọ́dọ̀ jáde. Fóòtì 7.2 lọ́nà 1800, kí wọ́n pín in sí ọ̀nà 1000, ó sún mọ́ 13 Wh. Bí bátìrì bá kọ 3000 mAh àti fóòtì 7.2 sára, tí ó sì tún kọ 13 Wh sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò kò. Fóònù tó wà lápò olùrajà ní ẹ̀rọ ìṣirò. Ìdúró ìṣẹ́jú kan níwájú àtẹ ní Computer Village ní Ìkẹjà kò ní kí ọjọ́ lọ. Kí ó sì gbé tuntun àti ògbólógbòó ojúlówó sọ́wọ́ méjèèjì, kí ó fi wọn ara wọn. Èyí tó fúyẹ́ bí páálí ìṣáná, ohun tó wà nínú rẹ̀ kéré.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí kámẹ́rà máa ń fi hàn, òun gan-an ni ó da ayàwòrán níbi àdúrà ìyàwó. Nínú bátìrì òde òní, èròjà kékeré kan wà tó ń bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀, tó ń sọ fún un iye iná tó kù. Àwọn alárọ́pò kan fara wé èròjà yìí dáadáa. Àwọn mìíràn fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, bátìrì wọn a sì máa sọ pé òun yó nígbà tí ebi ti ń pa á kú. Àwọn kámẹ́rà Canon kan tilẹ̀ máa ń béèrè lójú wọn bóyá orúkọ ilé-iṣẹ́ náà wà lára bátìrì tí wọ́n tì bọ inú wọn. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ayàwòrán lè fi ètò tuntun sínú kámẹ́rà rẹ̀ lóru, kí kámẹ́rà náà sì kọ arọ́pò tí ó ti ń gbà láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó lóde lọ́jọ́ Sátidé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ètò kámẹ́rà rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kó gbogbo ẹ̀bi jọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti ọlọ́jà. Ọwọ́ ẹni tó ra bátìrì náà ni ó ti ń bàjẹ́, pẹ̀lú ìmọ̀ràn rere àwọn ọ̀gá. Ìtàn náà nìyí. Nígbà tí GSM dé Nàìjíríà ní ọdún 2001, àwọn fóònù kan ṣì ń lo bátìrì oníníkẹ́lì, àṣẹ ọlọ́jà sì ni pé kí ẹni tó rà á fi sórí iná fún odidi wákàtí mẹ́jọ kí ó tó tàn án. Wọ́n tún ń sọ pé bátìrì máa ń rántí: bí wọ́n bá ń fi iná sí i nígbà tí kò tíì tán, yóò gbàgbé bí ikùn rẹ̀ ti tóbi tó. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ fún bátìrì níkẹ́lì àti kádíọ́mù ayé ọjọ́un. Ọ̀gá fi kọ́ ọmọ iṣẹ́, ọmọ iṣẹ́ di ọ̀gá, ó tún fi kọ́ ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀, nígbà tí bátìrì inú kámẹ́rà sì ti yí padà pátápátá.

Bátìrì lítíọ́mù, tí Sony kọ́kọ́ gbé wá sọ́jà ní ọdún 1991, tí àwọn mẹ́ta tó ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀, John Goodenough, Stanley Whittingham àti Akira Yoshino, sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 2019, kò ní irú ìrántí bẹ́ẹ̀. Kò nílò wákàtí mẹ́jọ. Ìgbà tí ṣájà bá ti fi àmì hàn pé ó kún, ó kún. Kò fẹ́ kí wọ́n máa lò ó gbẹ kanlẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Gbígbẹ bẹ́ẹ̀ ni ó ń dín ọjọ́ ayé rẹ̀ kù. Ohun tí ó kórìíra jù ni ooru, pàápàá nígbà tí ó bá kún bámúbámú. Bátìrì tó kún tí wọ́n gbé sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa láti ìdájí títí di ọ̀sán ń darúgbó ju ọdún rẹ̀ lọ. Èyí tí wọn kò ní lò fún oṣù kan tàbí méjì, kí wọ́n fi nǹkan bí ìdajì iná sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ síbi tó tutù, tí kò sì ní ọ̀rinrin. Ayàwòrán tó bá fi ìtara gbẹ bátìrì tuntun lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ó lè "la ikùn rẹ̀" ti fi márùn-ún ṣòfò nínú iye ìgbà tí ó lè gba iná láyé rẹ̀.

Ibì kan ṣoṣo ni ìmọ̀ràn àtijọ́ ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀ díẹ̀, ìyẹn ni bátìrì AA inú fúláàṣì. Oníníkẹ́lì ni àwọn tó ń gba iná nínú wọn, fóòtì 1.2 sì ni wọ́n, kì í ṣe 1.5 bíi ti àlòdànù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìyẹn kọ̀ wọ́n sílẹ̀, nítorí wọ́n máa ń tètè fún fúláàṣì ní iná ju àlòdànù lọ. Èyí tó jẹ́ tuntun tàbí tó ti pẹ́ nínú àpótí lè gba kí wọ́n fi iná sí i, kí wọ́n lò ó tán, kí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀marùn-ún kí agbára rẹ̀ tó pé. Láti ìgbà tí Sanyo ti gbé Eneloop jáde ní ọdún 2005, irú AA kan ti wà tí iná rẹ̀ kì í jò tán nígbà tó bá jókòó lásán, nǹkan bí 2000 mAh ni ó sì kọ sára láìpariwo. Lórí àtẹ kan náà ni AA wà tó ń pariwo 4000. Mẹ́rin mẹ́rin ni kí wọ́n máa rà wọ́n, kí wọ́n lò wọ́n pọ̀, kí wọ́n fi iná sí wọn pọ̀. Bí ọ̀kan tó rẹ̀ bá wà láàárín mẹ́ta tó lágbára, gbogbo wọn ni yóò fà sẹ́yìn.

Fún bátìrì kámẹ́rà fúnra rẹ̀, ohun tó yẹ kó rọ́pò wákàtí mẹ́jọ òru ni ìdánwò. Kí ayàwòrán fi iná kún arọ́pò tuntun, kí ó tì í bọ kámẹ́rà, kí ó tan fídíò sí ara ògiri, kí ó sì kọ àkókò sílẹ̀. Àwọn kámẹ́rà kan máa ń dá fídíò dúró bí ó bá ti ń lọ sí ìṣẹ́jú 30; kí ó tún un tẹ̀. Nígbà tí kámẹ́rà bá kú, kí ó kọ àkókò náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí ó rí kẹ́yìn. Kí ó ṣe bákan náà fún ojúlówó tí ó ní. Lẹ́yìn ìdánwò méjì irú èyí, yóò mọ ohun tí páálí kò sọ fún un. Bí arọ́pò bá lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àkókò ojúlówó, tí ó sì kéde ikú rẹ̀ kí ó tó kú, ó ti tó ọmọ ẹgbẹ́. Bí ó bá fi ìdá 40 hàn tí ó sì kú fin-ín, kí ó dá a padà fún ọlọ́jà nígbà tí ìwé ẹ̀rí ìrajà ṣì wà lọ́wọ́. Ẹni tí kò gba ìwé ẹ̀rí ti fi ẹnu ara rẹ̀ pa ẹjọ́ ara rẹ̀. Gbígbẹ tí ìdánwò yìí yóò gbẹ bátìrì lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kò ní pa á, ó sì sàn kí ó kú níwájú ògiri ju kí ó kú níwájú bàbá ìyàwó lọ. Kí ó lẹ bébà kékeré mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ nọ́ńbà àti oṣù tí ó rà á sí i.

Ọ̀rọ̀ iná sísọ kì í ṣe àwàdà. Nínú ìlú tí iná mànàmáná ti ń dé ní agogo méjì òru, gbogbo ilé ni ó máa ń sáré ti nǹkan bọ iná tí wọ́n á sì padà sùn, ayàwòrán náà yóò to bátìrì mẹ́fà sórí ṣájà lẹ́bàá ibùsùn. Bí ṣájà bá jẹ́ yẹpẹrẹ, tí iná bá dé tagbára-tagbára, tí ọ̀kan nínú bátìrì náà kò sì ní èròjà tó ń gé iná nígbà tó bá kún, ilé lè jó. Orí sìmẹ́ǹtì tàbí táìlì ni ibi ṣájà, kì í ṣe orí tìmùtìmù. Bátìrì tó bá wú, ì báà ṣe díẹ̀, ti kú nìyẹn. Kí wọ́n má fi agbára tì í bọ kámẹ́rà, nítorí ó lè há síbẹ̀. Kí wọ́n má sì lù ú, kí wọ́n má gún un.

Àwọn tí òde ń gbé lọ sí London tàbí Houston náà ní òfin tiwọn. Àpò ọwọ́ ni bátìrì tí kò sí nínú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe inú ẹrù tí wọ́n ń kó sí abẹ́ bàálù, kí wọ́n sì bo ẹnu irin rẹ̀ kí ohunkóhun má kàn án. Èyí tí kò bá ju 100 Wh lọ kò gba ìyọ̀ǹda ilé-iṣẹ́ bàálù. Ti kámẹ́rà kò sún mọ́ ọn, ti àwọn iná fídíò ńlá ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, bàálù akẹ́rù UPS kan já ní Dubai lẹ́yìn tí iná sọ láàárín ẹrù tí bátìrì lítíọ́mù wà nínú rẹ̀. Àwọn awakọ̀ méjèèjì kú.

Àjọ SON, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti rí i pé ọjà tó ń wọlé dójú ìwọ̀n, ní iṣẹ́ láti ṣe níhìn-ín, kò sì yẹ kí ó fi í sílẹ̀ nítorí pé bátìrì kámẹ́rà kéré lójú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà àti irin ilé. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ ayàwòrán kò ní láti dúró dè é. Wọ́n ń pàdé lóṣooṣù, wọ́n ń san owó ẹgbẹ́, wọ́n ń dá aṣọ. Kí ló dé tí ẹgbẹ́ kò lè ra bátìrì kan ṣoṣo nínú oríṣi arọ́pò kọ̀ọ̀kan tó wà lọ́jà, kí ọmọ ẹgbẹ́ kan dán an wò bí wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ lókè yìí, kí wọ́n sì ka èsì rẹ̀ sétí gbogbo ènìyàn ní ìpàdé? Owó rẹ̀ kò tó owó ankara ọdún kan. Ọlọ́jà tó bá mọ̀ pé ẹgbẹ́ ń dán ọjà wò yóò ronú lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó to ayédèrú sórí àtẹ.

Ẹni tó ń gba ayàwòrán náà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ju iye owó lọ. Nígbà tí wọ́n bá jókòó ṣe àdéhùn, tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ álíbọ́ọ̀mù àti fídíò tán, kí ìyá ìyàwó bi í léèrè pé: bátìrì mélòó ni ẹ̀ ń gbé bọ̀, ìgbà wo ni ẹ sì dán wọn wò kẹ́yìn? Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò sọ nọ́ńbà náà láìwo ojú òrùlé.